Táíwò Ń Wọ Dígí, Kẹ́hìndé Kì Í Mọ Ata Tó Pọ́n: Ta Ni Yóò Yege Àyẹ̀wò Ojú Iṣẹ́ Òfurufú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé. Ìbejì ọkùnrin ni mo bí, wọ́n ti pé ọdún 18. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápákọ̀ òfurufú lọ́nà Ìjàn ni ọ̀rọ̀ bàálù kò ti kúrò lẹ́nu wọn. Táíwò fẹ́ di páílọ́ọ̀tì, àmọ́ láti JSS2 ló ti ń wọ dígí, −3.50 ni wọ́n kọ fún ojú méjèèjì. Kẹ́hìndé kì í wọ nǹkan kan, ojú rẹ̀ mú bí abẹ; ilé ìṣọ́ ni òun fẹ́ jókòó sí kó máa darí bàálù. Ohun kan ló ń kọ mí lóminú nípa rẹ̀: láti kékeré, tí mo bá ní kó lọ já ata rodo tó pọ́n wá lẹ́yìnkùlé, àtèyí tó pọ́n àtèyí tí kò pọ́n ni yóò kó wá. Àwọn ará àdúgbò ní kí Táíwò gbàgbé, pé oní-dígí kì í wa bàálù, pé Kẹ́hìndé nìkan ni wọ́n lè gbà. Àwọn tó ń ta fọ́ọ̀mù sì ti ní ká wá san owó rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Àwọn ará àdúgbò yín ti dorí ọ̀rọ̀ yìí kodò. Nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ojú Táíwò, kò sí èyí tó lè dá a dúró. Kẹ́hìndé tójú rẹ̀ mú bí abẹ ni kí ẹ tètè mú lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí dígí bá lè tún ṣe, òfin òfurufú gbà á. Èyí tí dígí kò lè tún ṣe ni wọ́n dìídì ń wá nínú àyẹ̀wò náà.

Òfin tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé wá láti ọ̀dọ̀ ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú. NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, ló ń mú un ṣẹ ní Nàìjíríà, dókítà tí NCAA bá sì fún láṣẹ nìkan ló lè ṣe àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí ìlera yìí, bó ti wù kí dókítà ilé ìwòsàn yín mọ iṣẹ́ tó. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwé náà pín sí. Kíláàsì 1 wà fún ẹni tó fẹ́ fi bàálù wíwà jẹun. Kíláàsì 2 wà fún ẹni tó ń wa tara rẹ̀. Kíláàsì 3 ni ti àwọn adarí bàálù tó wà nílé ìṣọ́ àti nídìí ẹ̀rọ rédà. Kíláàsì 2 tó fún akẹ́kọ̀ọ́ láti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kíláàsì 1 ni kí Táíwò lọ gbà látìbẹ̀rẹ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ bàálù kì í ṣe owó kékeré, kò dáa kéèyàn ná an tán kó tó mọ̀ pé ìwé tí òun máa fi ṣiṣẹ́ kò ní bọ́ sí i lọ́wọ́.

Nọ́ńbà tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn ni 6/6, 6/9, 6/12, 6/60. Mítà 6 ni wọ́n máa ń gbé pátákó lẹ́tà jìnnà sí àga. Ẹni tí wọ́n bá kọ 6/9 fún, ohun tí ojú tó pé lè dúró ní mítà 9 kà, àfi kí òun sún mọ́ ọn dé mítà 6. Lẹ́tà ìlà 6/6 kò ga tó mìlímítà 9. Ti 6/60, ìyẹn gàgàrà lẹ́tà tó wà lókè pátápátá, ga tó sẹ̀ǹtímítà 9 tàbí kó dín díẹ̀. Ibòmíràn wà tí kò ní jẹ́ lẹ́tà, òrùka tó ní àlàfo ni wọ́n máa yà síbẹ̀, kéèyàn sọ ibi tí àlàfo náà kọjú sí.

Kíláàsì 1 àti Kíláàsì 3 ń béèrè pé kí ojú kọ̀ọ̀kan rí 6/9 ó kéré tán, kí méjèèjì pa pọ̀ rí 6/6. Kíláàsì 2 rọ̀ díẹ̀: 6/12 fún ojú kọ̀ọ̀kan, 6/9 fún méjèèjì. Ẹ wá gbọ́ èyí tí àwọn ará àdúgbò kò mọ̀: pẹ̀lú dígí tàbí láìsí dígí ni. ICAO kò dá iye kankan sí bí ojú lásán ṣe gbọ́dọ̀ ríran tó. Bí dígí bá ti gbé Táíwò dé 6/6, ó ti débẹ̀ nìyẹn, wọ́n á kàn kọ ọ́ sára ìwé rẹ̀ pé dandan ni kó wọ̀ ọ́ nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ibì kan wà tí −3.50 yẹn, nọ́ńbà dígí ẹni tí kò ríran jìnnà, ti lè béèrè ìwé púpọ̀ sí i. Ẹni tí ojú lásán rẹ̀, kódà ẹyọ kan, kò bá dé 6/60, wọ́n máa ní kó gba ìròyìn kíkún lọ́dọ̀ dókítà ojú kí wọ́n tó ṣe ìwé àkọ́kọ́ fún un, yóò sì máa gba tuntun lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Ojú −3.50 sábà máa ń wà nítòsí ìlà yẹn, ó lè bọ́ sókè, ó lè bọ́ sísàlẹ̀. Kí Táíwò kúkú mú ìròyìn náà dání lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè rẹ̀ ni pé ẹyinojú ẹni tí kò ríran jìnnà sábà máa ń gùn ju bó ti yẹ lọ, ó ń fa awọ tó tẹ́ sẹ́yìn ojú, awọ náà sì lè ya. Nínú ìròyìn náà ni dókítà á ti sọ pé òun ti kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i, òun ti wo ẹ̀yìn ojú títí dé etí, kò sí ibi tó ti ṣá.

Dígí àtijọ́ lẹ dákun ṣọ́ra fún. Lọ́dún 18, àìríran jìnnà ṣì lè máa pọ̀ sí i. Ọmọ tó wọ dígí ọdún méjì sẹ́yìn lọ lè rí 6/12 kó sì rò pé ojú òun ló bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé dígí ló ti di ti àná. Kó tún ojú wọ̀n lọ́sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kó sì jẹ́ kí tuntun náà mọ́ ọn lójú. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n á ní kó bo ojú kan: àtẹ́lẹwọ́ ni kó fi bò ó láìtẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fi ìka tẹ ẹyinojú, tí wọ́n bá wá ní kó fi ojú yẹn kàwé, yóò rí i bàìbàì fún ìgbà díẹ̀. Kó má sì fún ojú. Fífún ojú ń jẹ́ kí lẹ́tà mọ́ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ojú ẹni ni olùyẹ̀wò ń wò ní gbogbo àsìkò yẹn, kò wo pátákó.

Lẹ́yìn ti òkèèrè, ti ìtòsí ló kàn. Ìwé kékeré kan ni wọ́n á gbé fún un, kó ka ìlà N5, ìyẹn lẹ́tà wínníwínní, láti ibi tó bá wù ú láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50. Fún Kíláàsì 1 àti 3, yóò tún ka N14, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju ìyẹn lọ, láti sẹ̀ǹtímítà 100, nítorí ibẹ̀ náà ni aago àti ẹ̀rọ tó wà níwájú páílọ́ọ̀tì máa ń wà, ibẹ̀ náà sì ni awòrán rédà máa ń wà sí adarí. Ọmọ ọdún 18 kì í ní wàhálà níbí. Àwọn tó ti lé ní 40 ló ń bá jà, àwọn náà kò sì gbọ́dọ̀ wọ dígí ìkàwé lásán tó kún ojú, torí tí wọ́n bá gbójú sókè pẹ̀lú rẹ̀, ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ á ṣú. Dígí kan náà ló gbọ́dọ̀ ṣe ti òkèèrè àti ti ìtòsí, tàbí kó jẹ́ èyí tó kúrú tí wọ́n lè gba òkè rẹ̀ wòran.

Méjì ni kí Táíwò ní: ọ̀kan lójú, ìkejì nítòsí níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Kó yan férémù tí apá rẹ̀ tín-ínrín, nítorí ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ máa ń fún orí mọ́ra. Apá tó nípọn á tẹ ẹ̀gbẹ́ orí, ariwo á sì máa gba àlàfo rẹ̀ wọlé sí etí. Bó bá fẹ́ dígí oòrùn, kó mú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ eérú, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní polarized. Polarized ń pa ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà inú bàálù, ẹni tó wọ̀ ọ́ lè gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ojú ẹ̀rọ náà dúdú pátápátá. Dígí tó ń yí àwọ̀ padà nínú oòrùn kò dára síbẹ̀ bákan náà: ìmọ́lẹ̀ tó ń yí i padà kì í fi bẹ́ẹ̀ gba fèrèsé bàálù kọjá, bó bá sì ti dúdú tán, kì í tètè mọ́.

Lẹ́ńsì tí wọ́n ń fi sínú ojú, wọ́n gbà á, tó bá jẹ́ oníríran kan ṣoṣo, tí kò ní àwọ̀, tó sì bá ojú náà lára mu. Síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ mú dígí dání. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ ju ti ìgbà ọyẹ́ lọ, lẹ́ńsì á lẹ̀ mọ́ ojú, ojú á pọ́n. Irú kan wà tí wọ́n ń fi ojú kan wo òkèèrè, tí wọ́n ń fi ìkejì wo ìtòsí. Ìyẹn kò wọlé rárá. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, bàálù Delta kan, nọ́ńbà 554, fẹ́ balẹ̀ sí LaGuardia ní New York, àwọn iná tó wà lẹ́bàá omi ṣáájú ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ ló lọ gbá. Irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ ló wà lójú kápútéènì. Ojú méjèèjì kò ṣiṣẹ́ pọ̀, kò lè wọn jíjìn dáadáa lórí omi tí kò sí ohun tó lè fi díwọ̀n, ohun tí àwọn olùwádìí sì dì mú nìyẹn.

Ẹ máa gbọ́ pé kó lọ ṣe LASIK, iṣẹ́ abẹ ojú tí wọ́n ń ṣe kéèyàn lè bọ́ dígí. Kò pọn dandan, kò sì yẹ kó yá a lára. Ojú tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì ń yí kò tíì tó iṣẹ́ abẹ yẹn ṣe. Ẹni tó bá sì ti ṣe é gbọ́dọ̀ dúró títí ojú á fi fara rọ, kó mú ìwé wá tó sọ nọ́ńbà dígí rẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kó sì yege àyẹ̀wò pé iná òru kò ń tàn yòò káàkiri lójú rẹ̀. Iná tó yọ ìmọ́lẹ̀ róbótó bí òṣùpá tí ìkùukùu yí ká kò ṣe nǹkan kan fún ẹni tó jókòó sí pálọ̀. Fún ẹni tó ń wá ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ nínú òjò lóru, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ó tó nípa Táíwò. Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ló gba ìjókòó.

Ata rodo tí ẹ mẹ́nu bà yẹn, ẹ̀rí tó lágbára ni. Lójú tiyín, ata tó pọ́n ń pe èèyàn láàárín ewé. Lójú ẹni tí pupa àti àwọ̀ ewé dàrú mọ́ lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, àfi kó máa fi bí ata ṣe tóbi tàbí bó ṣe ń dán mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé àwọn kò rí ohun tí ẹlòmíràn ń rí. Wọ́n ti há a sórí pé pupa ni ẹ̀jẹ̀, pé àwọ̀ ewé ni ewé, ẹ bi wọ́n, wọ́n á dáhùn geere. Ó sì lè ka 6/6, kódà kó ka ìlà tó kéré jù ú lọ; ohun tó ń rí lẹ́tà àti ohun tó ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ má fi orúkọ àwọ̀ dán an wò nílé o. Èdè wa ń pe epo ní pupa, ó ń pe èèyàn tí awọ rẹ̀ mọ́ ní pupa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti di yẹ́lò, a ní ó ti pọ́n. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró títí, dúdú la máa pè é. Ọmọ tó bá pe yẹ́lò ní pupa, Yorùbá ló ń sọ, kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ̀. Ìdí nìyí tí inú ẹni fi ń dùn pé ìwé àyẹ̀wò náà kò béèrè orúkọ àwọ̀ kankan. Nọ́ńbà ló ń béèrè.

Ishihara ni wọ́n ń pe ìwé náà, láti ara orúkọ dókítà ará Japan, Shinobu Ishihara, tó gbé e jáde ní 1917. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan kún fún àmì róbótó róbótó, ńlá àti kékeré, òmíràn mọ́, òmíràn ṣókùnkùn, nọ́ńbà kan wá fara pamọ́ sáàárín wọn. Ojú ewé àkọ́kọ́, 12 ló wà níbẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń rí i. Ẹni tí kò bá rí i, bóyá ó gbàgbé dígí sílé ni tàbí ó ń ṣeré. Lójú ewé kejì, ojú tó pé á ka 8, ojú tí pupa àti àwọ̀ ewé dàrú mọ́ á ka 3. Àwọn ojú ewé kan tún wà tí ojú tó pé kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, tí ẹni tí àwọ̀ ń dàrú mọ́ lójú sì lè ka nọ́ńbà jáde. Ẹni tó bá ń díbọ́n máa ń há síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ṣe pàtàkì, nítorí wọ́n lè ṣe é láṣìṣe. Sẹ̀ǹtímítà 75 ni ìwé náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ojú, kó dúró gbọọrọ níwájú rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré fún ojú ewé kan. Kó má fi ìka tọ nọ́ńbà náà, òógùn ọwọ́ ń ṣá àwọ̀ ìwé. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ni kí wọ́n fi wò ó, tàbí iná funfun tí wọ́n ṣe kó jọ ojúmọmọ. Ìlànà ICAO dárúkọ irú iná náà, D65 tàbí C. Iná gílóòbù àtijọ́ tó pọ́n rúsúrúsú lè mú kí ẹni tí àìpé rẹ̀ kò pọ̀ ka ohun tí kò yẹ kó lè kà. Inú dùn nílé, wọ́n á tún kọ̀ ọ́ ní Èkó. Bí iná bá lọ tí wọ́n fẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ṣe é, ẹ ní ẹ máa padà wá lọ́la. Ti orí fóònù gan-an, ẹ má kà á sí: ojú fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń po àwọ̀, àgàgà tí wọ́n bá ti tẹ èyí tó ń mú kó pọ́n lálẹ́.

Àwọn kan ń há ìwé náà sórí. Olùyẹ̀wò tó mọṣẹ́ á da ojú ewé rú, ohun tí ẹni náà há á wá di ọ̀rọ̀ tí kò bá ìbéèrè mu. Ẹ̀rọ CAD tí wọ́n ṣe ní City University ní London kò ṣeé há rárá: ohun kan ló ń rìn kọjá lójú kọ̀ǹpútà láàárín ìmọ́lẹ̀ tó ń jó, àwọ̀ nìkan lèèyàn lè fi rí i, yóò sì sọ ibi tó ń lọ. Kò parí sí yege tàbí kùnà, ó ń sọ bí àìpé náà ṣe tó.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ara wọn lẹ́nu tó báyìí lórí àwọ̀? Ẹ wo páílọ́ọ̀tì tó ń bọ̀ lóru. Iná mẹ́rin tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, wọ́n ń pè é ní PAPI. Bó bá rí funfun mẹ́rin, ó ga jù. Pupa mẹ́rin, ó ti rẹlẹ̀ jù. Funfun méjì, pupa méjì, ó wà lójú ọ̀nà. Kò sí lẹ́tà, kò sí ohùn, àwọ̀ lásán ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2002, kí ilẹ̀ tó mọ́, bàálù akẹ́rù FedEx kan, Boeing 727, já sílẹ̀ kó tó dé ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ ní Tallahassee, ní Amẹ́ríkà. PAPI wà níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Igbákejì kápútéènì tó ń wà á lọ́wọ́ ní àìpé ìrí àwọ̀, àwọn olùwádìí sì kà á mọ́ ohun tó dá kún ìjàǹbá náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán: wọ́n tún rí i pé ó ti rẹ àwọn awakọ̀ náà, àwọn méjì yòókù tí àwọ̀ kò dàrú mọ́ lójú kò sì kígbe. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yè é, wọ́n farapa gan-an.

Ilé ìṣọ́ tí Kẹ́hìndé fẹ́ lọ kò sì lè gbà á lọ́wọ́ èyí. Bí rédíò bàálù kan bá kú, iná kan wà lọ́wọ́ adarí tó máa yìn sí i: àwọ̀ ewé tí kò ṣẹ́jú túmọ̀ sí pé kó balẹ̀, pupa tí kò ṣẹ́jú pé kó máa yípo kó fún ẹlòmíràn láyè, pupa tó ń ṣẹ́jú pé ewu wà ní pápákọ̀ náà, kó má balẹ̀. Iná ara bàálù fúnra rẹ̀, pupa lápá òsì, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni adarí ti ń mọ̀ lóru bóyá ó ń bọ̀ ni àbí ó ń lọ. Etí ọ̀nà tí bàálù ń gbà rìn nílẹ̀, iná aláwọ̀ aró (búlúù). Àárín rẹ̀, àwọ̀ ewé. Òpin ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, pupa. Kíláàsì 3 ń béèrè àwọ̀ bí Kíláàsì 1 ṣe ń béèrè rẹ̀.

Bó bá kùnà Ishihara, kò tíì parí. Òfin ICAO sọ pé ẹni tó kùnà ìwé alámì yẹn ṣì lè yege, tó bá fi hàn lọ́nà mìíràn pé òun lè tètè ya àwọn àwọ̀ tí wọ́n ń lò lójú òfurufú sọ́tọ̀, kó sì dá àwọn iná náà mọ̀. Ibẹ̀ ni CAD àti àyẹ̀wò onífìtílà, níbi tí èèyàn ti ń sọ àwọ̀ iná tí wọ́n bá tàn hàn án, ti wúlò. Ẹni tí àìpé rẹ̀ kéré máa ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà míràn. Bó bá kùnà ìyẹn náà, Kíláàsì 1 àti 3 ti sé, Kíláàsì 2 nìkan ló kù, ọ̀sán nìkan ni yóò sì lè fi fò. Kò sí oògùn rẹ̀, kò sí iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Dígí aláwọ̀ tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ń jẹ́ kí wọ́n rí pupa, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ ṣe àyẹ̀wò yìí, ẹ má da owó sí i. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ wà nídìí bàálù lè lọ kọ́ iṣẹ́ flight dispatcher, àwọn tó ń ṣètò ojú ọ̀nà, epo àti ojú ọjọ́ fún bàálù kó tó gbéra: ICAO kò béèrè ìwé ẹ̀rí ìlera lọ́wọ́ wọn, àfi tí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbani bá ní tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ: ọ̀dọ̀ ìyá ni irú àìpé yìí ti ń wá sára ọmọkùnrin, ìyá náà kì í sì í sábà mọ̀ pé ó wà lára òun. Ẹ rántí bàbá tó bí yín àti àwọn arákùnrin yín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá máa ń já kòkó tí kò tíì pọ́n mọ́ èyí tó pọ́n, ẹ ti rí orísun rẹ̀. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bí, ó lè mú un, ó lè má mú un, bí ẹni ta owó ẹyọ. Bí àwọn ìbejì yín bá wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo, ohun tó wà lára Kẹ́hìndé ní láti wà lára Táíwò náà. Bí ọ̀kan ṣe ń wọ −3.50 tí ìkejì kò wọ nǹkan kan jẹ́ kó dà bíi pé ẹyin méjì ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì ka ìwé náà.

Ohun yòókù yá. Wọ́n á wo bóyá ojú méjèèjì ń wo ibì kan náà, bóyá ó rí ẹ̀gbẹ́ dáadáa láìyí ojú, bóyá kì í rí ohun kan ní méjì. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí ni glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan ẹ̀yìn ojú jẹ́, nítorí ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ẹ̀gbẹ́ ojú ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ, tónítọ̀hún kò ní mọ̀. Wọ́n á wọn ìtẹ̀ ojú. 10 sí 21 mmHg ni ó sábà máa ń wà. Bí awọ tó wà níwájú ẹyinojú bá fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ lè ka iye tó kéré sí òtítọ́, nítorí náà ẹni tí glaucoma wà nínú ìdílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n lè wo iṣan ẹ̀yìn ojú àti pápá ìríran pẹ̀lú. Glaucoma nìkan kọ́ ló ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni, oògùn rẹ̀ náà ń béèrè àlàyé: timolol lè mú ọkàn lù lọ́ra, pilocarpine ń mú ọmọlójú kéré débi pé òru á ṣókùnkùn ju ti ẹlòmíràn lọ, brimonidine lè mú oorun wá.

Bí ojú bá ń yún ọmọ kan nínú wọn, ẹ má jẹ́ kó ra oògùn ojú tó ní dexamethasone tàbí betamethasone ní kẹ́mísì kó máa kán an lọ bẹ́ẹ̀. Yíyún á dá lóòótọ́, ìtẹ̀ ojú á sì máa gòkè lábẹ́lẹ̀, òmíràn á di funfun tó ń bo ẹyinojú láti inú. Fífi ọwọ́ ra ojú lójoojúmọ́ náà ń ba iwájú ẹyinojú jẹ́, ó lè yọ ṣóńṣó síwájú títí dígí kò ní ran ojú náà lọ́wọ́ mọ́. Ìyẹn lè gba Kíláàsì 1 lọ́wọ́ ọmọ tí −3.50 kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kò nílò láti lọ sí Èkó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn EKSUTH ní Adó-Èkìtì ní ẹ̀ka ojú, Federal Teaching Hospital ní Ìdó-Èkìtì náà ní. Ẹ béèrè ohun mẹ́rin níbẹ̀: wíwọ̀n ojú fún dígí, Ishihara lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, ìtẹ̀ ojú, àti wíwo ẹ̀yìn ojú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti la ọmọlójú. Kí wọ́n fi èyí tó kẹ́yìn ṣe ìkẹyìn, nítorí oògùn náà á mú kí ìwé kíkà ṣú fún wákàtí mélòó kan, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ta wọ́n lójú. Kí wọ́n má gun ọ̀kadà wálé fúnra wọn lọ́jọ́ náà. Bí Apollo bá mú ẹnikẹ́ni nínú wọn, kó san tán pátápátá kí wọ́n tó lọ; ojú tó pọ́n tó ń ṣèpin kò lè sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀, yóò sì ran àwọn tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wo orúkọ àwọn dókítà tí NCAA fọwọ́ sí, kí Táíwò gbé ìròyìn rẹ̀ lọ bá ọ̀kan nínú wọn kó tó kọ ìwé sí NCAT ní Zaria tàbí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Kó kọ gbogbo ohun tó ti ṣe ojú rẹ̀ rí sínú fọ́ọ̀mù. Ohun tí wọ́n bá fúnra wọn rí lẹ́yìn tó ti fi pamọ́ ń dá kún wàhálà ju ohun náà fúnra rẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Lábẹ́ ìlànà ICAO, Kíláàsì 1 ń lo oṣù 12, ó ń di oṣù 6 lẹ́yìn ọdún 60, àti lẹ́yìn ọdún 40 fún ẹni tó ń dá nìkan wa èrò. Adarí bàálù ń lo oṣù 48, ó ń di 24 lẹ́yìn ọdún 40, ó sì ń di 12 lẹ́yìn ọdún 50. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí ojú láàárín rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọgbẹ́, iṣẹ́ abẹ tàbí oògùn tuntun, kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró títí dókítà NCAA á fi sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Kẹ́hìndé ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó wọlé. Ìwé Ishihara kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, wọn kò sì ní kán oògùn sí i lójú fún un. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye ojú ewé tó kà àti èyí tó ṣì sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú irú iná tí wọ́n fi ṣe é. Owó fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́wọ́ yín títí di ìgbà náà.